Ojú ń tì mí láti ṣí ìró

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí pè mí lórí fóònù. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fún un ní nọ́ńbà mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ń ṣe é táwọn obìnrin fi ń gbà fún yín?" Mo rẹ́rìn-ín, mo sọ díẹ̀, owó fóònù rẹ̀ sì tán. Ìyókù tí mi ò rí sọ fún un ni mo jókòó kọ yìí. Ẹni tó bá ń retí ìtàn akọni, kò sí níbí o. Ibi tí mo ti ṣì í ni mo fẹ́ sọ, pàápàá òru ọjọ́ kan tí ìtìjú tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyá lọ́wọ́ ọmọ.

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí. Wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ni mo wà: àwọn tó fi ọ̀kadà ṣubú, àwọn tí ìtọ̀ ṣúgà ti bá ẹsẹ̀ wọn jà, àwọn bàbá tí kò rí ìtọ̀ tọ̀. Kì í ṣe ìfẹ́ aboyún ló gbé mi lọ, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá ní ìwé ẹ̀rí méjèèjì ni wọ́n máa ń tètè gbà síṣẹ́, oṣù méjìdínlógún péré ni mo sì máa fi kọ́ ọ kún tàwọn nọ́ọ̀sì. Ọkùnrin mẹ́ta la wà láàárín obìnrin mọ́kànlélógójì. Ọ̀kan nínú wa sá lọ kí sáà àkọ́kọ́ tó parí.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Ọjà Ọba, ó gbé kọ́ńgò tó fi ń wọn ọjà sílẹ̀, ó wò mí. "Ìkúnlẹ̀ abiyamọ lo fẹ́ máa wò jẹun?" Kò bínú, ìbéèrè ló ń béèrè. Mi ò rí èsì fún un.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ aboyún kì í ṣe ohun tí ọkùnrin ò mọ̀ nílé wa. Oníṣègùn ni bàbá tó bí bàbá mi, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Láti oṣù kẹta làwọn aboyún ti ń tọ̀ ọ́ wá. Òun ló ń fún wọn lágbo, òun ló ń se àsèjẹ. Ṣùgbọ́n tí ìrọbí bá mú obìnrin, àgbàlá ni bàbá máa jókòó sí. Á na igbá àgbo wọlé láti ẹnu ọ̀nà, ìyá àgbà á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn á padé. Ewé jẹ́ ti ọkùnrin, ọwọ́ jẹ́ ti obìnrin. Èmi ni mo kọ́kọ́ ré ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá nínú ìdílé wa.

Ohun kan máa ń yà mí lẹ́nu ṣá. Ó kéré tán, láti ìgbà tí UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, ti ṣí ní 1957 ni dókítà ọkùnrin ti ń gbẹ̀bí n'Ìbàdàn yìí, kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí lẹ wá débẹ̀. Agbẹ̀bí ni wọ́n ń bi. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a ti kó ètò agbẹ̀bí oníwèé wá pàápàá, ó di 1983 kí wọ́n tó mú gbogbo ìdènà kúrò lọ́nà ọkùnrin tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ náà, nígbà tí dókítà ọkùnrin ti ń gbọmọ lọ́dọ̀ wọn láti ayébáyé.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ò pẹ́ rárá kó tó dé. Ọ̀sẹ̀ kejì mi ní yàrá ìrọbí ni. Obìnrin kan wọlé, oyún kẹta, ìrọbí ti wọ̀ ọ́ lára gan-an. Wọ́n ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò kí n mọ bí ọ̀nà ṣe ṣí tó. Mo ti ka ìwé, mo ti há a sórí pé sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ló gbọ́dọ̀ ṣí. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo ní "Màmá, ẹ ya ẹsẹ̀," ọwọ́ mi sì ti wà ní itan rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó tán lẹ́nu mi. Ìpá tó ta bà mí láyà. Mo fẹ̀yìn gbá tábìlì onítáyà tí wọ́n to irinṣẹ́ sí, abọ́ irin wó lulẹ̀ gbàràmù, gbogbo wọ́ọ̀dù dákẹ́. Obìnrin náà ní, "Ta nìyí? Ta ló rán an wá?"

Mátírọ̀n wa jẹ́ ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé, irú àwọn tí "ṣe" kì í yàtọ̀ sí "se" lẹ́nu wọn. Ó fà mí jáde.

"O kí i?"

"Rárá, mà."

"O sọ orúkọ ẹ fún un?"

"Rárá, mà."

"Ó mọ̀ bóyá ìwọ lo wá tún iná se?"

Ó mú mi padà wọlé, ó fi ibi tó yẹ kí n dúró hàn mí. Ibi orí ni. Ó ní kí n máa ti ibi orí yọ sí obìnrin, kí n má máa ti ibi ẹsẹ̀ yọ sí i. Kí n fi ìdí kan àga kí ojú mi má ga ju tirẹ̀ lọ. Kí n sọ orúkọ mi àti iṣẹ́ mi. Kí n sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, kí n dúró gbọ́ èsì, kí ìrora tó wà lọ́wọ́ rọlẹ̀, kí ọwọ́ tó dé. Tó bá ní kí n dúró, kí n yọwọ́. Gbogbo agbẹ̀bí ló yẹ kó máa ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí àǹtí kan ò bá ṣe é, wọ́n á ní nọ́ọ̀sì yẹn ò ní sùúrù. Témi ò bá ṣe é, wọ́n á ní ọkùnrin kan fọwọ́ kan àwọn.

Èyí tó kàn, ó ṣì ń tì mí lójú. Nígbà tí mo parí, wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé kan lójú ọ̀nà Àkànrán. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ aṣọ funfun, bàbá kan kí mi: "Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà." Mo dáhùn. Àwọn yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo rí i pé bí wọ́n bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, kò sí ọkọ tó ń bi mí ní ìbéèrè mọ́, kò sí ìyá ọkọ tó ń ṣẹ́jú sí mi. Ó rọrùn fún mi. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi jẹ́ dókítà irọ́.

Alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ ò sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ọkàn ọmọ tó yẹ kó máa lù láàárín 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan ń já wá sí 90 lẹ́yìn ìrora kọ̀ọ̀kan. Mo ní ká máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ó ṣeé ṣe kó gba iṣẹ́ abẹ. Ọkọ rẹ̀ ní, "Ṣebí dókítà ni ẹ́? Ṣe é níbí." Mo ní kò sí irinṣẹ́. Ó ní owó ni mo ń wá. Mo ní èmi kì í ṣe dókítà. Kò gbà mí gbọ́! Ó ní mo fẹ́ ta ìyàwó òun fún ọ̀rẹ́ mi tó ní ilé ìwòsàn. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi jiyàn kó tó gbà ká lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ọmọ náà rọ̀ jọwọrọ nígbà tí wọ́n gbé e jáde níbẹ̀, ó pẹ́ kó tó ké, àmọ́ ó ké. Mo lọ sí Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n bá mi tẹ káàdì àyà tí wọ́n kọ AGBẸ̀BÍ sí gàdàgbà. Nígbà tó ṣe, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Bọ̀dá Nọ́ọ̀sì. Mo fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí n tètè fi èyí kún un, nítorí ó pa mí lẹ́rìn-ín nísinsìnyí. Mo gbọ́ pé oríkì máa ń fún obìnrin lágbára lásìkò tó bá ń gbin ọmọ. Mo wá ń béèrè oríkì wọn lọ́jọ́ àntínétà, mo ń kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ káàdì. Lọ́jọ́ kan, mo wà lẹ́nu "Àṣàkẹ́, Àṣàkẹ́, gbin ín, ó ti dé," ni ọkọ rẹ̀ kan ilẹ̀kùn gbàgbà. "Bọ̀dá! Èmi nìkan ni mo ń pè é bẹ́ẹ̀!" Ìyàwó rẹ̀ tó ń rọbí bú sẹ́rìn-ín, orí ọmọ sì yọ. Láti ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ ni mo máa ń sọ pé kó pe oríkì. Tèmi ni kí n máa sọ bó ṣe kù sí.

Ọdún kejì mi níbẹ̀ ni wọ́n fẹ̀sùn kàn mí. Mo ń yẹ obìnrin kan wò lọ́wọ́, àǹtí tó ń ràn mí lọ́wọ́ jáde lọ bu omi. Ọkọ wọlé láìkàn lẹ́kùn, ó ya kọ́tìnnì, ó rí èmi àti ìyàwó rẹ̀ nìkan. Ariwo tó pa kó gbogbo àdúgbò jọ. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó sílé. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí síwájú ìgbìmọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń tún bi: ta ni ẹnì kẹta tó wà níbẹ̀? Kò sí. Mi ò ní ohun tí mo lè sọ. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló wá sọ pé mo kí òun, mo sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, òun sì gbà kó tó di pé mo fọwọ́ kàn òun. Ẹ̀kọ́ mátírọ̀n ló yọ mí.

Wọ́n dá mi padà síṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó padà kì í ṣe ẹni tó lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ìró. Bí ọmọ bá ti dé, tí ẹkejì ọmọ, ìyẹn ibi ọmọ, ti jáde, mo máa ń yára fa ìró bo obìnrin látàyà dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, n kì í sì í fẹ́ ṣí i mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọn obìnrin ń yìn mí: Bọ̀dá Nọ́ọ̀sì mọ ìwà hù, kì í wò kiri. Ìyìn yẹn dùn mọ́ mi. Wọ́n tún ń sọ pé ọwọ́ mi rọ̀ ju ti àwọn àǹtí lọ. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Òru tí mo fẹ́ sọ, òjò ń rọ̀, iná sì ti lọ láti ọjọ́ mẹ́ta. Obìnrin tó ń bímọ lọ́wọ́, oyún kẹrin rẹ̀ nìyẹn. Awakọ̀ máíkírà ni ọkọ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ nílẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin náà la bá lórí iṣẹ́, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bò ó láṣìírí." Mo ní, "Mo ṣèlérí fún yín." Ìyá ọkọ wọlé pẹ̀lú rẹ̀, ìyá àgbà kúkúrú kan tó so gèlè mọ́ ìdí bí ẹni tó ń lọ oko.

Ọmọ dé ní aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú, obìnrin, ó sì ké lójú ẹsẹ̀. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, mo ti gún ìyá ní oxytocin ní itan, abẹ́rẹ́ tó ń mú ilé ọmọ sún kì kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà. Mo dúró kí ìwọ́ ọmọ dẹ́kun lílù kí n tó dè é. Ẹkejì ọmọ jáde, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó pé. Bí ìwé ṣe wí ni mo ṣe gbogbo rẹ̀. Mo wá fa ìró bò ó: àdìrẹ aláró méjì, èyí tó dúdú bí òru, látàyà dé ẹsẹ̀.

Ibi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń béèrè. "Màmá, ṣé kò sí?" Ó ní, "Kò sí." Nígbà tó ṣe, mo tún béèrè. "Kò sí." Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó yán, ó ní, "Oorun ló ń kùn mí." Ìyá àgbà ní kí n jẹ́ kó sinmi, iṣẹ́ tó ṣe kì í ṣe kékeré. Àǹtí tó ń ràn mí lọ́wọ́ ń fọ irinṣẹ́ lẹ́yìnkùlé. Mo jókòó ti tábìlì, mo ń kọ̀wé sínú fáìlì. Níbi tí wọ́n ní ká kọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe dà tó, mo kọ "ìwọ̀nba". Mi ò wo nǹkan kan kí n tó kọ ọ́. Ìró ti bò ó, mo kọ ohun tí mo rò pé ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìyá àgbà ló fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ìyàwó mi tutù bí omi àmù." Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìró náà, ó yọ ọ́ jáde, ó gbé e síwájú tọ́ọ̀ṣì. Mi ò ní gbàgbé ọwọ́ yẹn láyé. Pupa dé ọrùn ọwọ́, ó ń kán. Kò bi mí léèrè, ó gbá ìró náà dànù. Ẹ̀jẹ̀ ti dá gúdúgbú sórí mákíntọ́ṣì, rọ́bà tí a tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, àdìrẹ sì ti mu èyí tó mu. Àwọ̀ aró ni, òru ni, kò hàn síta rárá.

Mo fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Ilé ọmọ tó yẹ kó ti le bí òkúta kó sì wà nísàlẹ̀ ìdodo, ó ti gòkè kọjá ìdodo, ó rọ̀ bí àpò ẹ̀lùbọ́ tí wọ́n ti tà dé ìdajì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ dídì ń jáde. Mo ké sí àǹtí. A fa omi sí i lára, a fi oxytocin mìíràn sínú rẹ̀, a fi misoprostol mẹ́rin, oògùn oníhóró tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, sábẹ́ ahọ́n rẹ̀. Nígbà tí a fi rọ́bà fa ìtọ̀ rẹ̀, èyí tó jáde kún abọ́. Àpò ìtọ̀ tó kún ló ń ti ilé ọmọ sókè tí kò jẹ́ kó sún kì, èmi ò sì sọ fún un kó tọ̀ látàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nítorí ojú ń tì mí láti bá a sọ ọ̀rọ̀ ìtọ̀. Máíkírà ọkọ rẹ̀ la gbé e sí. Mo kúnlẹ̀ láàárín ìjókòó iwájú àti ẹ̀yìn, mo ń rọ́ ikùn rẹ̀ títí a fi dé ilé ìwòsàn ńlá. Ọkọ ń wakọ̀, ó ń sunkún, kò fọhùn.

Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní PCV, ti já sí 16 nínú 100. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ báàgì mẹ́ta sí i lára. Ó yè.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá wa obìnrin ní kí n gbé ìró náà wá nínú ọ̀rá tí a dì í sí. Ó gbé e lé òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ọmọ tuntun. Ó wá àdìrẹ irú rẹ̀ tó gbẹ, ó wọn òun náà, ó yọ ọ́ kúrò. 900 gírámù ló kù. Gírámù kan ẹ̀jẹ̀, ẹ kúkú kà á sí mílílítà kan. Bí obìnrin tó fúnra rẹ̀ bímọ bá ti pàdánù 500, ọ̀rọ̀ ti di eré sísá nìyẹn, èyí tó dà sórí mákíntọ́ṣì ò sì sí nínú èyí tó wọ̀n. Ó ṣí fáìlì, ó kà á sókè: "Ìwọ̀nba." Ó wò mí. "Ìwọ̀nba ta ni?"

A ò mọ̀ bóyá oxytocin tí mo kọ́kọ́ gún un ṣì lágbára. Inú fíríìjì ló yẹ kó máa gbé, láàárín òtútù 2 sí 8, iná sì ti lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo lè di gbogbo ẹ̀bi ru fíríìjì. Mo gbìyànjú rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n fíríìjì kọ́ ló kọ "ìwọ̀nba".

Ọ̀rọ̀ tí ọkọ rẹ̀ sọ, mo rò ó títí. Ẹ bò ó láṣìírí. Kò sọ pé kí n má wò ó. Ó ní kí aráyé má wò ó. Èmi ni mo fi ara mi kún aráyé.

Ọmọkùnrin tó pè mí, ohun tí mò ń ṣe látìgbà náà rèé, mú èyí tó bá wúlò fún ọ. Ọjọ́ àntínétà ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ ìrọbí. Níwájú gbogbo wọn ni mo ti ń sọ pé ọkùnrin ni mí, agbẹ̀bí ni mí, èmi lè wà lórí iṣẹ́ lọ́jọ́ tí tiyín bá dé. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó sọ ọ́ nísinsìnyí. Mo ní nọ́ńbà àǹtí kan ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí, mo máa ń fún wọn. Inú mi máa ń bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n bá kọ̀ mí. Mo ti rí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ gbé sórí ọ̀kadà tí orí ọmọ ti ń hàn, torí pé èmi ni wọ́n bá. Ká gbọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún sàn ju ká gbọ́ ọ lórí ọ̀kadà. Mo tún máa ń mú àwọn ọkọ wọlé wo yàrá náà lọ́sàn-án, kí wọ́n rí bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnnì, àti àga tí ẹnì kẹta máa jókòó sí. Àga yẹn ò gbọdọ̀ ṣófo. Bí àǹtí bá fẹ́ lọ bu omi, ọwọ́ mi á dúró ná.

Ní ti ìró, mo fi kún ìwé ohun tí wọ́n máa rà. Lẹ́yìn Dettol, òwú, páádì, ìbọ̀wọ́ àti mákíntọ́ṣì, mo kọ ọ́ síbẹ̀: ìró funfun kan fún abẹ́. Bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì tó ti gbó náà tó. Àdìrẹ àti àńkárá dúdú, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ de ìsọmọlórúkọ. Méjì ni mo sì máa ń lò láti bò ó, ọ̀kan látàyà dé orí ikùn, èkejì láti ikùn dé ẹsẹ̀. Èmi á kọ́kọ́ sọ fún un, màá ṣẹ́ etí èkejì sókè, màá wo páádì àti ìró funfun, màá dá a padà. Kò tó ìṣẹ́jú kan, kò sì sẹ́ni tó wà níhòòhò. Fóònù mi máa ń dún ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún wákàtí méjì àkọ́kọ́. Bó bá dún, mo dìde.

Èyí tó wúlò jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, àwọn obìnrin ni mo kọ́. Mo máa ń mú ọwọ́ ìyá fúnra rẹ̀, mo gbé e lé ikùn rẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ bá dé. Mo ní kó wá nǹkan kan tó le bí àgbálùmọ̀ tí kò tíì rọ̀ nísàlẹ̀ ìdodo. Bí kò bá rí i, bó bá rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kó rọ́ ọ kó sì pariwo mi. Mo ń kọ́ ìyá ọkọ náà. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀kan sọ fún mi pé ìyá òun tó ń gbẹ̀bí lábúlé máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, òun ò kàn mọ ìdí rẹ̀ ni.

Nígbà tó yá, a rí àwọn ọ̀rá tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìyá, tó ní àpò àti ìlà tí wọ́n fi ń ka iye ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa, tó jáde ní 2023, fi hàn pé bí a bá ń fi irú ọ̀rá yẹn wọn ẹ̀jẹ̀, tí a sì ṣe gbogbo ìtọ́jú náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà dípò ká máa dán an wò níkọ̀ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ dídà tó le koko á fi 60 dín nínú 100. Mo ka iye yẹn, mo rántí àdìrẹ. Nínú ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe lórílẹ̀-èdè yìí ní 2018, ìyá 512 ló ń kú nínú ìbímọ 100,000, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára ohun tó ń pa wọ́n jù. Ọ̀rá náà kì í wà nígbà gbogbo. Ìró funfun máa ń wà.

Obìnrin tí mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò bímọ lọ́dọ̀ mi mọ́. Mo gbọ́ pé ó bí ọkùnrin níbòmíràn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Mo bá ọkọ rẹ̀ pàdé nígbà kan ní gárééjì, ó kí mi, ó sì yára wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní oṣù méjì sẹ́yìn, ìyá àgbà kúkúrú yẹn tún wá, gèlè ní ìdí. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ kejì ló mú dání, ìrọbí ti mú un. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó jẹ́ mi, kò wo ojú mi. Ó já wọ yàrá náà, ó wo àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó sórí rẹ̀. Ó tú àpò rẹ̀, ó fa ṣíìtì funfun kan yọ, ó nà án sí mi.

"Gbà. Èmi ò sì ní sọ fún ẹ lónìí kó o tó ṣí i."